Àmì Dúdú Méjì Nínú Sẹ́ẹ̀lì Àlùbọ́sà

Lọ́dún 1989, ẹni tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan báyìí lọ́nà Agege, tó béèrè ẹni tó mọ máíkírósíkópù lò jù, Kàsúmù ni wọn yóò júwe fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ń tọ́jú láàbù. Òun kọ́ ni olùkọ́, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ gan-an ń pè é ní Bàbá Láàbù, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn dénú egungun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Dókítà Simbiat, olùkọ́ tó ń darí ìwádìí níbẹ̀, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Moyọ̀sọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn, ti dúró síbẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Omi aláwọ̀ tí ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ń dà sí gọ́tà ló fi hu gbòǹgbò àlùbọ́sà, tó sì ń wò ó bóyá omi náà ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n aláyẹ̀wò tí wọ́n pè wá láti ìta ti fi bírò pupa yí àwòrán kan po, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Àlùbọ́sà kò ní sẹ́ńtírósóòmù. Ẹni tó ya èyí kò wo nǹkan kan. Kó tún ọdún yìí ṣe."

"Ta ló fi àmì dúdú méjèèjì yìí síbẹ̀?" Dókítà béèrè.

Kàsúmù la ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, ọmọ náà ti kúnlẹ̀.

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kàsúmù pa ẹnu dé. Ohun tó ṣe nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká bò ó. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta dúró, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ sì ń bá a ru igbá rẹ̀ délé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Sẹ́ńtírósóòmù ni àmì kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti ẹranko. Òun ni ká pè ní baálé ibẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àmì náà á di méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ìkángun tirẹ̀ lọ, okùn tíntìntín á nà jáde láti ọ̀dọ̀ wọn, wọn á sì fi pín ẹrù ilé lọ́gbọọgba. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri láàbù. Kàsúmù ló yà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ti tún un yà bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ́. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹranko nìyẹn. Àlùbọ́sà kò ní baálé kankan ní ìkángun, síbẹ̀ ó ń pín ẹrù tirẹ̀, ohun kan kì í sọnù. Kàsúmù kò mọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún Bàbá Láàbù?

Látìgbà tí SAP, ètò ìfún-ìgbànú-mọ́ra ìjọba, ti dé, fíìmù kámẹ́rà ti di ohun àwátì, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń ya ohun tí ojú bá rí. Moyọ̀sọ́lá ya tirẹ̀ láìsí àmì. Kàsúmù dúró sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Àwọn àmì ẹ̀ dà?"

"Mi ò rí wọn, sà."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Kàsúmù rẹ́rìn-ín. "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i." Ó gba pẹ́ńsùlù, ó sì fi àmì méjèèjì síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà tún tẹ̀ ba ẹ̀rọ, ó wò ó pẹ́. "Ẹ má bínú, sà," ó ní, "mo ti rí wọn báyìí." Ó sì fi wọ́n sínú àwòrán mẹ́sàn-án tó kù. Inú Kàsúmù dùn lọ́jọ́ náà, ó tiẹ̀ ra gúgúrú fún un.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó kúrò nílé rẹ̀ ní Onígbòǹgbò, ó sì ṣílẹ̀kùn láàbù kí ẹnikẹ́ni tó dé. NEPA ti mú iná lọ. Ó kọjú dígí abẹ́ ẹ̀rọ sí fèrèsé kó lè rí ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé gbòǹgbò àlùbọ́sà sábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó fún bíi wákàtí kan. Okùn wà, ó kóra jọ bí ìdí ìgbálẹ̀ lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dì í mú. Kò sí àmì. Kò sí i rí. Ojú tì í débi pé kò lè yọ ojú nínú ẹ̀rọ náà.

Ó lọ bá Dókítà.

"Èmi ni mo ní kó fi í síbẹ̀, mà. Ó ní òun ò rí i, mo ní ojú ẹ̀ ni ò tíì là."

Dókítà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Lánàá ńkọ́, Bàbá Láàbù? Ibí yìí náà lẹ dúró sí."

"Ibí yìí náà ni, mà."

"Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ níṣojú yín."

"Mo rí i, mà."

Obìnrin náà kò bú u. Ì bá sàn fún un ká ní ó bú u. Ó ní ọ̀la ni aláyẹ̀wò ń lọ. Bí Kàsúmù bá kọ ohun tó ṣe sínú ìwé, tí Moyọ̀sọ́lá sì tún àwòrán mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yà láti inú ẹ̀rọ, bóyá aláyẹ̀wò náà yóò gbà á. Kàsúmù kọ ọ́, ó sì fi orúkọ rẹ̀ ní kíkún sísàlẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà wọ láàbù, Kàsúmù dìde fún un. "Moyọ̀sọ́lá, mo bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ṣì ẹ́ lọ́nà."

Ọmọ náà sá kúnlẹ̀. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ojú mi ni ò dáa tó."

"Ojú ẹ dáa. Jókòó. Ohun tó o bá rí ni kó o yà."

Ó jókòó, ó tẹ̀ ba ẹ̀rọ. Bébà funfun wà níwájú rẹ̀, pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn sì mọ́lẹ̀ dáadáa nínú dígí. Ó wò ó títí. Pẹ́ńsùlù náà kò kan bébà. Nígbà tó gbójú sókè, ojú Kàsúmù ló ń wò.

"Sà," ó rọra béèrè, "kí lẹ fẹ́ kí n rí?"

 Kàsúmù jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé, kí ọmọ náà lè fi ojú ara rẹ̀ nìkan wò ó.