Ọwọ́ Tí Bùrọ̀dá Múyìwá Nà

Odindi ọdún mẹ́rin ni Olúkẹ́mi fi ń gun ọ̀kadà láti Ìkirè lọ sí Àpòmù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, torí eré ṣẹ́ẹ̀sì. Aránṣọ ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bùrọ̀dá Adémúyìwá tó ń kọ́ ọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi gbẹ́ ọba, ayaba àtàwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi ń ta á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ Kẹ́mi kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń jẹ èèyàn nínú eré náà. Ó ní ẹni tó bá ti rí i pé ọba òun ò lè yè é mọ́, kó má jókòó síbẹ̀ máa fi àkókò ẹlòmíì ṣòfò. Kó dá aago eré dúró, kó na ọwọ́ pé wọ́n ti jẹ òun, kó dìde bí ọmọlúàbí. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, Kẹ́mi ló ń na ọwọ́ ṣáá.

Lọ́dún yìí, àwọn méjèèjì ló kù síwájú nínú ìdíje tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Íkirè. Ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò lọ ṣojú agbègbè náà l'Óṣogbo. Bùrọ̀dá fi díẹ̀ ṣáájú. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ó ti tó fún un. Kẹ́mi ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.

Ó sì ń jẹ ẹ́. Ayaba Bùrọ̀dá ti lọ, ọba rẹ̀ há sí igun. Bùrọ̀dá tẹjú mọ́ pátákó náà pẹ́, ó dá aago dúró, ó na ọwọ́. Kẹ́mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, omijé lé sójú rẹ̀. Ó dúpẹ́. Bùrọ̀dá ti ń kó àwọn ère náà sínú àpò.

Ọmọ́yẹlé, olùkọ́ tó ń ṣe rẹfirí, dé, ó béèrè ẹni tó jẹ.

"Ọ̀mì ni," Bùrọ̀dá wí. "Mo fi ọ̀mì lọ̀ ọ́, ó sì gbà."

Kẹ́mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Ọmọ́yẹlé. Ó ṣàlàyé fún rẹfirí, ó fi ìwé tó kọ eré náà sí hàn án. Ọmọ́yẹlé yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òótọ́ ni pé ọwọ́ Kẹ́mi ló wà lókè, ṣùgbọ́n èèyàn lè gba ọ̀mì nígbàkígbà tó bá wù ú. Wọ́n sì ti bọ ara wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Bùrọ̀dá," Kẹ́mi wí, "ẹ wojú mi kẹ́ ẹ tún un sọ."

Àpò ọwọ́ rẹ̀ ni Bùrọ̀dá ń wò. Wọ́n kọ ọ̀mì sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, Bùrọ̀dá wá bá Kẹ́mi ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Kò jókòó. Ó ní òun ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, òun ò sì tíì ta kọjá Àpòmù àti Ìkirè rí. Ọmọdé ni Kẹ́mi, àyè ṣì wà fún un.

Kẹ́mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ká ní ẹ bẹ̀ mí ni, ǹ bá fi í sílẹ̀ fún yín. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀," Bùrọ̀dá wí. "Ojú ló tì mí láti bẹ ọmọ tí mo kọ́."

Ohun tó dun Kẹ́mi jù nìyẹn. Ó yá ọkùnrin yìí lára láti sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú èèyàn ju kó bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ lọ. Kò bú u. Ó kàn tẹ ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ lọ títí Bùrọ̀dá fi jáde.

Kẹ́mi ò lọ sí Àpòmù ní Sátidé yẹn, kò sì lọ mọ́. Bí Bùrọ̀dá ṣe ṣe é l'Óṣogbo, kò béèrè. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé kò ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ́ ni, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù.