Ìpàdé Tí Kò Ní Máàkì

Aago ni baba kan ń tún ṣe títí tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Nígbà tí ojú kò ríran iṣẹ́ wínníwínní mọ́, ó gbé ọkàn lé etí. Yàrá kékeré kan ní ẹ̀yìn ilé ni redio tí ó fi ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ wà: tábìlì kan, àga kan, kọ̀ǹpútà, àti fèrèsé tí ó kọjú sí ògiri aládùúgbò. Láti ibẹ̀ ni wáyà ti gba òkè lọ bá eriáàlì lórí òpó irin gíga.

Ọjọ́ ìdíje àwọn oníredio ni ọjọ́ náà. Ẹni tó bá bá ènìyàn púpọ̀ jù lọ pàdé lórí afẹ́fẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ni ó borí, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í mú máàkì wá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìkíni, kò sí “ilé ńkọ́”: àmì ìpè tí í ṣe orúkọ ẹni lórí afẹ́fẹ́, òǹkà, ó dàbọ̀. Òǹkà yìí gan-an ló pani lẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ó sọ bí ohùn ẹnìkejì ti já gaara tó, ṣùgbọ́n “márùn-ún, mẹ́sàn-án,” tí í ṣe “mo ń gbọ́ yín kedere,” ni gbogbo wọn ń wí fún gbogbo wọn, ìbáà ṣe pé ohùn náà kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ọ̀la ni wọn yóò wó òpó náà. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fẹ́ mú un lọ sí ilé tirẹ̀, níbi tí kò sí àyè eriáàlì. Ohun kan ṣoṣo ni baba ń wá kí ilẹ̀ tó ṣú: kí ó borí Àgbà Erékùṣù lẹ́ẹ̀kan péré. Orúkọ yìí ni ó fún ọkùnrin kan lókè òkun tí ń fi bíńtín ṣíwájú rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọn kò rí ara wọn rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ láti ìgbà èwe, ènìyàn lè sọ ọ́ tán kí omi tó hó.

Àkọ́bí yọjú, ìwé ìròyìn tó fi ń di àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá mi, ẹni tí ẹ ń pè láti àárọ̀, ṣé adití ni?”

“Wọ́n pọ̀.”

“Wọ́n pọ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá ẹ ti jẹun.”

“Ìwọ náà ò tíì béèrè.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí àwo rẹ̀.

Baba àti Àgbà Erékùṣù ti pàdé láàárọ̀. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, tí àwọn olùpè ń rọ́ lu baba bí ọ̀wọ́ eṣú, ohùn náà tún wọlé. Baba tẹ àmì ìpè rẹ̀, ìlà pupa sì yọ lójú kọ̀ǹpútà: ẹ ti pàdé.

“A ti pàdé. Ẹ ṣeun,” ni baba wí, ó sì dá ẹlòmíràn lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Irú àṣìṣe yìí kì í ṣe ti Àgbà Erékùṣù. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà yóò ti kì í nílọ̀ kí ó tó la ẹnu. Ẹni tó mọ̀ pé òfo ni, tó sì tún kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe máàkì ló bá wá.

Ẹni tó bá sì dìde lórí ìgbì afẹ́fẹ́ tí ó ti ń pè lásìkò ìdíje, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀. Baba wo aago, ó wo máàkì tó fi ọjọ́ gbogbo kó jọ. Ó yí eriáàlì padà sí òkun. Ẹ̀rọ tó ń yí i ń kùn lórí òrùlé. Ó wá ohùn náà títí, ó bá a níbi tó ti ń pè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

“A ti pàdé,” ni Àgbà Erékùṣù wí.

“Mo mọ̀.”

Afẹ́fẹ́ ń hó láàárín wọn.

“Ìyàwó mi ló máa ń bá mi tẹ àmì ìpè,” ni ohùn náà wí. “Lọ́dún yìí, èmi nìkan ni. Ilé dákẹ́ jù. Mo ní kí n tún gbọ́ ẹni tí mo mọ̀.”

Òǹkà nìkan ni ẹnu baba mọ̀ níbẹ̀.

“Ẹ ti jẹun?” ni ó bi í.

“N ò tíì jẹun.”

“Èmi náà ò tíì jẹ.”

Ẹni náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

Márùn-ún, mẹ́sàn-án ti dé orí ahọ́n baba. Ó gbé e mì.

“N ò gbọ́ yín dáadáa,” ni ó wí. “Agbára káká ni. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀.”

Oòrùn wọ̀, ìdíje parí, ìlà pupa náà wà níbẹ̀ láìní máàkì. Ó ku kí baba sọ fún un pé ọ̀la ni wọn yóò wó òpó òun. Ó jẹ́ kí Àgbà Erékùṣù kọ́kọ́ sọ ti ìyàwó rẹ̀ tán.