Ọjọ́ Ìbí Tí Ẹnikẹ́ni Ò Mọ̀

Ìwé ìtàn ìjọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ni bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwé dídì ń lẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí ojú-ewé kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀, tó ń tẹ́ ibùsùn tí ọmọbìnrin wọn àti ọmọ-ọmọ wọn máa sùn sí lọ́dún Kérésìmesì.

"Má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́. Mo fẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n má wá."

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọmọbìnrin wọn ti wálé kẹ́yìn. Wọn ò tí ì fojú kan ọmọ-ọmọ náà rí. Ìyàwó rọra jókòó. "Kí ló dé?"

"Ọjọ́ tí à ń ṣe Kérésìmesì yìí, kò sí nínú Bíbélì. Ìwé yẹn ní ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bí Jésù kí wọ́n tó máa ṣe é lọ́jọ́ náà, nílùú tí wọ́n ti ń bọ oòrùn. Igi tí à ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ńkọ́? Àwọn ará ilẹ̀ òtútù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mi ò lè fi irọ́ pe ọmọ wálé."

Ìyàwó mọ̀ pé kì í ṣe agídí. Ẹ̀rù Olúwa ń bẹ lára ọkọ òun, kì í sì fẹ́ ṣìnà.

"Olówó orí mi, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Ta ló sọ fún yín?"

Bàbá fọwọ́ ra orí. Ìyá tó bí i kò mọ̀ ju pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó lọ gba iṣẹ́ níléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni akọ̀wé ní àlàfo kò gbọdọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù, ló bá kọ déètì ọjọ́ tí Bàbá wá gba iṣẹ́ yẹn gan-an sí i.

"Akọ̀wé ni."

"Akọ̀wé ló bí yín, ẹ sì ń jẹ kéèkì lọ́dọọdún. Ọmọ yín yìí kan náà ló ń pè yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń ṣàdúrà fún yín títí ẹ ó fi máa nu ojú. Ṣé irọ́ ni àdúrà yẹn?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Èèyàn ni mí."

"Jésù náà di èèyàn. Ohun tí à ń yọ̀ sí nìyẹn."

Bàbá mú fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ.

"Ọmọ mi, kí n tètè sọ fún ẹ. Tẹ́ ẹ bá dé, mo máa jẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀ pé a ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Mi ò ní tàn án."

"Dádì, ọmọ ọdún méjì ni o."

"Kò burú. Màá máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣáà tètè máa bọ̀."