Bàbá Sherifat, Kàdúná

"Ẹ tún bá mi bi wọ́n, Bùọ̀dá Gbádé. Ẹ jọ̀ọ́."

Gbádé, akọ̀wé tó ń jókòó ti tẹlifóònù ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà, kàn ń wo Àrìnpé ni. Obìnrin yìí wá níjẹta, ó tún wá lánàá. Lọ́dún 1984 tí à ń wí yìí, ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ́ńjìnnì rélùwéè ṣe ní Kàdúná, Àrìnpé sì ránṣẹ́ sí i lórúkọ ọmọ wọn, "Bàbá Sherifat, Kàdúná", pé: "Ṣé kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, àbí kí n padà sílé bàbá mi?" Láti ìgbà náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ti dé láti Òjòkú, ó ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ tán. Ó ní ṣé ọkọ tó bá fẹ́ni ni kì í fèsì?

Háà, àárò ọkọ Àrìnpé ń sọ ọ́ o! Kí ọkọ̀ ojú irin ṣáà ti fọn fèrè, ó ti sáré bọ́ síta, ọbẹ̀ á máa jóná lẹ́yìn rẹ̀.

Gbádé gbé tẹlifóònù. Irú iṣẹ́ báyìí kì í fò dé Kàdúná. Ibùdó kan á gbà á, á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi lé èyí tó wà níwájú lọ́wọ́. Ó ní òun á tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

"Ìlọrin, ṣé iṣẹ́ Àrìnpé dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó dé. A ti fi fún Jẹ́bà."

Jẹ́bà ní àwọn fi fún Mínà. Mínà ní Kàdúná ti gbà á, wọ́n sì so tẹlifóònù Gbádé pọ̀ mọ́ ibẹ̀. Àrìnpé sún mọ́ tẹlifóònù. Bó bá ti dé ọwọ́ ọkọ rẹ̀, tí kò kàn dáhùn ńkọ́?

Yorùbá ni akọ̀wé Kàdúná, ẹ̀rín ló sì ń rín. "Iṣẹ́ Bàbá Sherifat? Ó ṣì wà níbí! Bàbá Sherifat méjì la ní. Ọ̀kan ní ìyàwó òun ló ń gbọ́únjẹ fún òun lọ́wọ́ yìí, èkejì ní òun ò mọ Ọ̀fà rí. Ta lẹ ń wá gan-an?"

Gbádé fọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù. "Ìyá Sherifat, wọn ò mọ ọkọ yín lórúkọ ọmọ níbẹ̀. Kí ni orúkọ wọn gan-an?"

"Èmi? Kí n fẹnu ara mi pe ọkọ mi lórúkọ? Ẹ gbà mí o!" Látọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò dán an wò rí.

"Ẹ pè é, àbí kí n gbé e kalẹ̀?" Ó na tẹlifóònù sí i.

Àrìnpé wo ẹnu ọ̀nà, àfi bí ẹni pé ìyá ọkọ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó rántí ẹrù tí wọ́n ti dì sílé.

"Tàjùdéèn," ó ní. Kò já geere. "Tàjùdéèn! Tàjùdéèn ará Ọ̀fà!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tàjù Onírùngbọ̀n!" Akọ̀wé Kàdúná figbe ta. Àrìnpé ń gbọ́ ariwo irin, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn tó ti ń wá látọjọ́ yìí.

"Ta ló ń pè mí báyẹn?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni. Ẹ má bínú, ẹ forí jì mí, mi ò mọ bí mo ṣe..."

"Àrìnpé? Àrìnpé mi! Máa bọ̀ o, máa bọ̀ kíá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tún un pè ná."

Àrìnpé wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún un pè.