Ilé Ń Jó, Ilé Ń Jò

Inú ti ń bí mi kí agogo tó dún lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé ìtọ́jú arúgbó wa ní Levenshulme pé ìdánrawò iná ń bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọ́ ni Bàbá Oyèníran. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń sọ látìgbà tó ti dé ìlú òyìnbó ti pòórá, Yorùbá nìkan ló ṣẹ́kù sí i lẹ́nu. Èmi Olúfúnlọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń fi iṣẹ́ ibẹ̀ gbọ́ bùkátà, nìkan ni mò ń gbọ́ ohun tó ń sọ nínú àwa òṣìṣẹ́, wọn ò sì jẹ́ kí n ráyè sọ fún un.

Agogo dún. A ti àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ jáde sínú ọgbà, àwọn tó lè rìn ń ráhùn pé òtútù ń mú àwọn. A ò rí Bàbá. Mo sáré padà, mo ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Bàbá, iná o. Iná ni, Bàbá."

Ó wò mí, ó nawọ́, ó tẹ iná orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pa. "Mo ti pa á," ó ní. "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò jẹ́ kéèyàn sinmi."

Monica, ọ̀gá wa, wà lẹ́yìn mi. Lójú tiẹ̀, orí bàbá náà ti dàrú pátápátá. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé, pé alaalẹ́ ni mò ń sọ fún un pé kó pa iná, pé ohun tó gbọ́ ló ṣe. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ṣì jókòó nígbà tí agogo ń dún. Àwọn panápaná máa wá ṣe ìdánrawò tiwọn kí oṣù tó parí. Bí kò bá jáde lọ́jọ́ yẹn, kánsù á gbé e lọ sí Swinton, sí ilé kan tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn arúgbó.

Ẹsẹ̀ ni Cynthia ọmọ rẹ̀ fi ń wá wò ó lójoojúmọ́ láti Stockport Road. Ta ni yóò máa wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Swinton pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké? Ta ni yóò bá a sọ Yorùbá níbẹ̀? Mi ò lè jókòó. Mo wà ní kíláàsì, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Mo wá yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá gbọ́ pé ilé ń jó, ẹ dìde, ẹ máa bọ̀ níta." Ó ní ó dáa. Nígbà tí mo dán an wò, ó dìde lóòótọ́, inú mi sì dùn. Àṣé ìta kọ́ ló ń lọ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí ilé ìwẹ̀, ó ká kọ́tìnnì, ó ń pe, "Juliana. Juliana dà?" Juliana ni ìyá Cynthia, ó sì ti kú tipẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká jáde, Bàbá."

"Kí n fi ìyàwó mi sílẹ̀ nínú iná?" Omi ti lé sí i lójú. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé èmi náà sunkún.

Mo sọ fún Cynthia. Ó ní, "Fúnlọ́lá, leave it. Don't do that to my dad again, jọ̀ọ́."

Mi ò sọ gbólóhùn náà mọ́. Mi ò mọ̀ pé Monica ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, pé ó ti ń dá a sọ ní kíṣíìnì.

Lọ́jọ́ tí àwọn panápaná wá, bọ́ọ̀sì dá mi dúró sójú títì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ sáré, mo ti ń gbọ́ agogo láti ọ̀ọ́kán. Mo wọ ọgbà. Bàbá Oyèníran dúró láàárín gbogbo wọn, ó gbójú sókè, ó ń wo òrùlé. Panápaná ti kà á mọ́ àwọn tó jáde.

"Ẹ kú ìdúró, Bàbá. Kí lẹ ń wò?"

"Obìnrin yẹn ló ní ilé ń jò. Mo ti wo òrùlé yìí títí, mi ò ríbi tó ti ń jò. Òjò gan-an ò rọ̀. Bá mi wò ó, bóyá orí ẹ̀ pé."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ara mi mú mọ́ fẹ́ǹsì. Monica rìn wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn, ó béèrè bóyá òun pè é dáadáa. Ohùn kan ṣoṣo ló ṣì, ì bá sì rọrùn láti tún un ṣe fún un. Mo wo Bàbá, tí Cynthia ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

"Ẹ má yí i padà," ni mo wí.

Oṣù mélòó kan ló kù kí n parí ẹ̀kọ́ kí n sì padà sílé. Kí n tó lọ, mo pe àwọn òṣìṣẹ́ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ́ wọn ní gbólóhùn náà, mi ò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ títí ó fi ṣì í pè.