Ogun Inú Ìwé Màmá Fọláyọ̀

Kò sí ìwé kankan ní gbogbo Manchester tí èmi Ẹ̀hìndé kò tíì kà. Mo ti ka èyí tó wà ní láíbìrì, mo ti ka ti yunifásítì, mo ti ka èyí tí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ ṣì ń rò lọ́kàn. Ọjọ́ tí mo parí èyí tó kẹ́yìn, ẹkún ni obìnrin tó ń ṣọ́ láíbìrì sun. Ó ní kí n dákun kí n kọjá sí Liverpool, kí àwọn lè ráyè kọ òmíràn. Ìwé tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, bí ojú ọ̀tún mi bá ń ka ewé kan lọ, ojú òsì á ti máa ka èyí tó kọjú sí i. Kí omi tíì tó hó, mo ti kà á tán, mo ti gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún Màmá Fọláyọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó bi mí pé ṣé mo mọ̀wé kà.

Ìyá àgbà yìí ń gbé ní òdìkejì ilé tí mo háyà yàrá sí ní Newton Heath. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, láti ayé ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá sílùú yìí lẹ́yìn òmìnira. Ìdajì àwọn bàbá onírungbọ̀n tí ẹ ń rí ládùúgbò wa, òun ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn níhòòhò. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó di Oṣù Kẹjọ ọdún yìí, Màmá ṣubú ní kíṣìnnì. Egungun kankan kò kán, àmọ́ ẹ̀rù wọnú egungun náà, kò sì jáde mọ́. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì, ó ń retí kí ọsibítù pè é fún iṣẹ́ abẹ.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Fọláyọ̀, lọ́yà ni ní Birmingham. Fọláyọ̀ ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí kò bá lè dá rìn, tàbí bí orí rẹ̀ kò bá pé mọ́, òun máa kó o kúrò nílé yẹn kí òtútù tó dé, òun á fi í sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nítòsí òun.

"Ilé tí ọmọdé á ti máa pè mí ní 'darling'," ni Màmá wí. "Wọ́n á máa fi ṣíbí bọ́ mi, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún mi tí mo bá gbé e mì. Ẹ̀hìndé, ilé tèmi ni mo fẹ́ kú sí."

Ká sòótọ́, èmi kọ́ ló yẹ kí ènìyàn bẹ̀ pé kó wá mú òun rìn. Night shift ni mò ń ṣe ní warehouse kan. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti rẹ̀ mí débi pé òjìji mi á jókòó sí bus stop, á ní kí n máa lọ, òun ń bọ̀. Àmọ́ bí mo bá ti yọ sí àdúgbò, Màmá á ti máa wò mí láti ojú fèrèsé, omi tíì á ti wà lórí iná, búrẹ́dì á ti wà nínú àwo. Èmi kì í bá búrẹ́dì jiyàn.

Iṣẹ́ wúlù ni Màmá kọ́kọ́ ń fi mí ṣe. Màmá ń hun síkáàfù fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí òtútù máa bá. Ó máa ń fi òwú wúlù náà kọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì, á máa ká a, á sọ ọ́ di róbótó. Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo máa ń sùn lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ nínà síwájú bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ ti ṣẹkẹṣẹkẹ bọ̀ lọ́wọ́. Òun kò nílò ojú láti hun ún, ìka rẹ̀ ló ń ríran.

Lẹ́yìn wúlù ló wá kan ìwé. Bàbá Fọláyọ̀ fẹ́ràn ìtàn àròsọ nípa ayé àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ogun àti ọba bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀. Pẹpẹ ìwé rẹ̀ kún dé òkè àjà. Èyí tó ń kà fún ìyàwó rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé, ogun ilẹ̀ Yorùbá ló wà nínú rẹ̀, kò sì kà á dé ìdajì.

"Èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ewé ni," ni Màmá wí. "Jagun Àlàó ti kó ọmọ ogun dé etí odò. Ibẹ̀ ni Bàbá bá a dé."

Mo lọ síbi pẹpẹ. Aláwọ̀ ewé pọ̀ níbẹ̀ bí oko ẹ̀fọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ Yorùbá kà dáadáa. Mo lọ ilé ìwé títí di ọjọ́ tí mo wọ ẹ̀wù tíṣà wa fún òbúkọ, tí òbúkọ náà wọ kíláàsì, tí gbogbo ọmọ dìde kí i. Ìwé mi parí lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní báyìí, bí èèrà tó ṣìnà ni wọ́n rí lójú mi. Mo bá mú èyí tí wọ́n ya ẹṣin sí lẹ́yìn. Ṣé ogun lè wà kí ẹṣin má sí níbẹ̀? Mo jókòó, mo wú ikọ́, mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

"Jagun Àlàó sín. Òrùlé ìlú mẹ́ta ṣí lọ. Ọba ọ̀tá ní, 'Ta ló sín?' Wọ́n ní Jagun ni. Ọba ní, 'Yéè, tó bá wá wúkọ́ ńkọ́?'"

Màmá rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá kò ka irú èyí fún mi rí o."

"Wọ́n ń fò ó ni, Màmá. Wọn ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín."

Ọgbọ́n ọwọ́ mi ni mo wá fi mú un rìn. Bí Jagun bá ti na idà sókè báyìí, mo máa pa ìwé dé.

"Ó tán?"

"Kò tán. Ó di ẹnu géètì kí n tó ka ìyókù."

"Ìkà ni ẹ́, Ẹ̀hìndé. Gbé ọ̀pá mi wá."

Ẹnu géètì di kọ̀rọ̀ àdúgbò, kọ̀rọ̀ àdúgbò di etí kánààlì, etí kánààlì di bẹ́ǹṣì inú páàkì. Ewé ń wọ́ nígbà náà, pupa àti aláwọ̀ ìyeyè, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà wa. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ tán, kì í sì í dá tán. Oòrùn á yọjú bí àlejò tó ní òun ò jókòó, òun kàn ní kí òun kí yín ni. Màmá á di apá mi mú, èmi á fara ti Màmá, mi ò mọ èwo nínú wa ló ń mú ẹnì kejì rìn. Bí a bá dé bẹ́ǹṣì, a ó kọ́kọ́ sinmi. Lẹ́yìn náà ni màá tó ṣí ìwé.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá ń ro mí jù, ẹ̀yìn á máa ro gbogbo ọmọ ogun Jagun. Ẹṣin á dùbúlẹ̀. Ọ̀tá á ránṣẹ́ pé àwọn náà ò tíì sùn láti àná, ṣé kí wọ́n jọ rẹjú díẹ̀.

"Ogun wo ló máa ń sùn tó báyìí?" ni Màmá bi mí.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Kò burú. Ó rẹ èmi náà. Jẹ́ kí wọ́n sùn."

Bí ogun bá gbóná, ìhun Màmá á le bí igi. Bí ogun bá sùn, ìhun á dẹ̀, ihò á máa wà níbẹ̀ tí ìka lè gbà kọjá. Olúwakẹ́mi, adarí ẹgbẹ́ akọrin wa, tó kọ́kọ́ gba ọ̀kan, bi mí pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ síkáàfù òun. Mo ní ẹṣin ló sùn lé e.

Nígbà tí Oṣù Kẹwàá fi ń parí lọ, Màmá ti ń fi ọ̀pá lọ sí páàkì, ó sì ń fi ọ̀pá bọ̀. Mo rò pé a ti borí.

Àárọ̀ Sátidé kan ni Fọláyọ̀ dé. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ tí mo bá mọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Ẹ̀hìndé. Ẹ ṣeun gan-an. Mummy walk wá pàdé mi ní géètì!"

Inú rẹ̀ ń dùn. A wọlé, a jókòó. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ni wọ́n tún ń fi ara ṣe. Màmá gbé ìhun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: Jagun sín, òrùlé ìlú mẹ́ta lọ. Ó rẹ ẹṣin Jagun, Jagun gbé ẹṣin kọ́rùn sọdá odò. Ọ̀tá ní kí wọ́n jọ sùn. Fọláyọ̀ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín.

"Mummy, níbo lẹ ti gbọ́ ìyẹn?"

"Inú ìwé bàbá rẹ ni. Òun nìyẹn lórí tábìlì."

Fọláyọ̀ mú un. Ó ṣí iwájú, ó ṣí àárín, ó ṣí ẹ̀yìn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń wo ìkòkò tó ti ń jò. Ó fi ojú pè mí sí kíṣìnnì.

"Bọ̀dá, how long has she been like this?"

"Bí i báwo?"

"Kò sí ogun kankan nínú ìwé yẹn. Àwọn tó ń hun aṣọ wúlù ní abúlé Dobcross láyé àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Àgùntàn ló kún un! Mummy sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n rí i níbẹ̀." Omi ti lé sí i lójú. "Dókítà ní ká máa ṣọ́ orí wọn látìgbà tí wọ́n ti ṣubú. I can't leave her here. Òní náà ni màá mú wọn lọ."

Òótọ́ wá dé eyín mi. Ó yọjú síta, ó rí i pé òtútù wà, ó padà sínú. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí ọ̀mọ̀wé. Wọ́n tilẹ̀ ti yàn mí láti ka Bíbélì nígbà ìkórè.

"Ọjọ́ orí ni," ni mo wí.

Mo ti gbé àpótí tó tóbi ju ilé lọ. Kò sí èyí tó wúwo tó gbólóhùn yẹn.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ gbì, gbì lórí àtẹ̀gùn. Fọláyọ̀ ń wọ́ báàgì ìyá rẹ̀ bọ̀. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ìhun.

"Fọláyọ̀, ta ló ń rìnrìn àjò?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. For a little while ni. Kò sí ìtàn yẹn nínú ìwé. Ọkàn yín ló ń rò ó."

Ohùn Màmá kéré. "Orí mi ò dàrú. Ẹ̀hìndé ló kà á fún mi." Ó na ìwé náà sí mi. "Bá mi ka ibi tí a dé, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́."

Fọláyọ̀ ká ọwọ́ mọ́ àyà. Bí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n kà, Màmá á dúró sílé rẹ̀, orúkọ mi á bàjẹ́. Bí mo bá kà á, mo bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, wọ́n á sì gbé Màmá lọ. Ọgbọ́n òmùgọ̀ ló bá wá sí mi lórí: màá kà á tó bẹ́ẹ̀ tí lọ́yà á fi rò pé òun ló fo ojú ewé. Mo gba ìwé. Oorun ń fà mí ní ìpéǹpéjú. Mo kà á báyìí:

"Jagun Àlàó ti ogun dé. Ìyàwó tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún un jáde sí gbàgede. Ó rí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń fa ẹṣin bọ̀, ó ké sí i pé, 'Adémiládé! Adémiládé, yára bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ!'"

"Dúró," ni Màmá wí.

Mo dúró.

"Ta ló pe ta?"

"Ìyàwó Jagun ni, mà. Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀."

"Lórúkọ?"

"Lórúkọ, mà."

"Ìyàwó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ, láyé ogun, ló pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní Adémiládé? Kò pè é ní Eyínfúnjowó? Kò pè é ní Adúmáadán? Kò pè é ní Ọkọ mi?"

Fọláyọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. "Mummy, kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Ìwọ, láti kékeré rẹ, o gbọ́ kí n pe àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Rusholme ní Charles rí?"

Fọláyọ̀ ronú. "Rárá. Akọ̀wé. Akọ̀wé lẹ máa ń pè wọ́n. I thought that was his name!"

"Ṣòkòtò péńpé ló wà ní ìdí rẹ̀ nígbà tí mo dé ilé wọn. Mo bá a nílé ni. Ọkọ mi ni. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ò jáde lẹ́nu mi." Màmá gbé ìhun sílẹ̀ lórí itan. "Ẹni tó kọ ìwé tí bàbá rẹ ń kà fún mi mọ ilé Yorùbá délẹ̀. Kò lè kọ irú ìyẹn láé. A jẹ́ pé inú ìwé kọ́ ni èyí ti ń bọ̀."

Ó yí ojú bàìbàì méjèèjì sí mi. Mo gbà pé wọ́n ríran ju ti àwòdì lọ.

"Òrùlé ìlú mẹ́ta," ni ó wí wẹ́rẹ́. "Ẹṣin tí wọ́n gbé kọ́rùn. Ọmọ ogun tó ń sùn láàárọ̀, láàárọ̀. Fọláyọ̀, nínú àwa mẹ́ta tó wà níbí, ta ló ń ṣe night shift?"

Ọwọ́ Fọláyọ̀ bọ́ kúrò láyà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Oh my God. Bọ̀dá! Ẹ̀yin lẹ fi àgùntàn Dobcross jagun?"

"Ẹ̀hìndé," ni Màmá wí, "wá jókòó síbi. Fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n kọ Jagun sí."

"Màmá, mo... mo gbàgbé ìkòkò sórí iná."

"Fọláyọ̀, ti ilẹ̀kùn yẹn!"

Màmá ti dìde, abẹ́rẹ́ ìhun gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ kejì. Mo ti gba kíṣìnnì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ tó ti ń ro mí láti àná, tí mo rò pé kò lè gbé mi dé orí bẹ́ẹ̀dì, kò bi mí léèrè ohunkóhun mọ́. Mo fo fẹ́ǹsì, bàtà kan kù sí ọ̀hún, òjò ń rọ̀.

"Lé e, Fọláyọ̀! Ìwọ lẹsẹ̀ rẹ yá!"

Fọláyọ̀ ò lè lé ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín ti mú un jókòó sílẹ̀. Èmi ò dúró wò ó. Mo ti kọjá kọ̀rọ̀ àdúgbò, mo forí lé ọ̀nà kánààlì, mò ń sá lọ.