Ọkọ̀ Kún Ojúde, Òkú Wà Nílẹ̀

"Khairiyyah, kó àwọn mọ́tò rẹ kúrò lójúde bàbá mi!"

Àlàájì Mọ̀núrù ò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì tó fi kígbe mọ́ ọn. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, mọ́tò kún ojúde ilé fọ́fọ́, wọ́n fún mọ́ra wọn débi pé adìẹ ò lè gba àárín wọn kọjá.

Khairiyyah kúnlẹ̀ sẹ́nu géètì. "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, sà. Bí mo ṣe gbọ́ lórí fóònù ni mo..."

"Mi ò ní kí o kúnlẹ̀. Ìyá ti lọ láti àsùbáà. Wọ́n ń wẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nínú ilé. Lẹ́yìn ìrun àìlà la máa kírun sí wọn lára, níbí yìí, níbi tí a ti kí ti bàbá mi, tí a ti kí ti bàbá tìrẹ náà. Àbí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ ká tẹ́ wọn sí?"

Khairiyyah dìde, ó gbọn eruku lórúnkún. Òun ló mú ọ̀rọ̀ mọ́tò wọ ilé náà. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ń dán nǹkan tuntun wò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ wá sí Ìdúmọ̀tà àti Marina kì í ríbi gbé e sí, bẹ́ẹ̀ ojúde àwọn agbo ilé ń ṣófo láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó ń bọ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ojúde, kó tẹ fóònù, kí bọ́ọ̀sì kékeré wá gbé e dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn rẹ̀. Àlàájì Mọ̀núrù, ẹ̀gbọ́n bàbá Khairiyyah, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ìyá Àgbà Àmúdàtù, ìyá tó bí Àlàájì, ló pàṣẹ fún un. "Ọmọ wa ló ń ṣe é," ìyá ní. "Ẹ jẹ́ kó dán an wò." Ìyá yẹn náà ló wá kú, mọ́tò àjèjì ni ò sì jẹ́ kí wọ́n ríbi tẹ́ ẹ.

Ẹ lè ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò ti géètì láàárọ̀. Ẹni tó bá mọ ilé yẹn ò ní béèrè. Bí àgbà bá kú níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ké títí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin á fi gbọ́. Àkọ́bí ọ̀hún, Àlàájì Mọ̀núrù, sì wà ní mọ́ṣáláṣí, ó jókòó ti wáàsí bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn obìnrin fi ìborùn dí ẹnu, wọ́n ń dúró dè é. Olùṣọ́ ò mọ nǹkan kan, ó ń ṣí géètì fún mọ́tò, ó ń kí wọn káàárọ̀. Nígbà tí Àlàájì fi máa dé, tí igbe fi máa ta, ojúde ti kún, bọ́ọ̀sì sì ti kó àwọn tó ni mọ́tò lọ sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

"Bí ibí yìí ò bá ṣófo kó tó di àìlà," Àlàájì ní, "páàkì rẹ ti parí nìyẹn. Má sì dé ọ̀dọ̀ mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Khairiyyah dénú eegun. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ló dàgbà sí. Ó ń ṣe é bíi kó sáré wọ yàrá, kó wojú ìyá náà, kó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wo àwọn mọ́tò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì pe Tàófíìkì, olórí àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

"Tàófíìkì, ẹ má gbé èrò kankan mọ́. Gbogbo bọ́ọ̀sì, ẹ lọ kó àwọn tó ni mọ́tò ilé wa wá."

"Àǹtí, àwọn tó ń wait ní Onikan ńkọ́? Wọ́n ti ń bú wa o."

"Jẹ́ kí wọ́n bú wa. Màá bẹ̀ wọ́n. Òkú wà nílẹ̀, Tàófíìkì."

"Ha! Ìyá Àgbà? Mò ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn onímọ́tò: òkú wà nílẹ̀ nínú ilé tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, bọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá gbé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání. Èèyàn Èkó lè gbọ́ pé ọba ń kọjá kí wọ́n má gbójú sókè, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ pé òkú wà nílẹ̀ kí wọ́n jókòó. Kò pẹ́ rárá tí bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ìyìnolúwa, ọmọ Èkìtì tó ń ta aṣọ fèrèsé ní Balógun, ló kọ́kọ́ dé, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sáfẹ́fẹ́ rere," ó ní. "Mo ti dé. Ibo ni kí n wà á lọ báyìí?"

Khairiyyah ò tíì ronú débẹ̀.

"Torí bí mo bá gbé e sójú títì, wọ́n á fà á lọ," Ìyìnolúwa ní. "Ibi tí mo sá fún tí mo fi wá bá yín nìyẹn."

Khairiyyah wo òkè àdúgbò, ó wo ìsàlẹ̀. Ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà ti jẹ títì tán. Ibì kan ṣoṣo ló ṣófo, lẹ́yìn géètì aláwọ̀ ewé tó kọjú sí tiwọn, ilé Àlàájì Salahudeen. Ilé méjèèjì ti bára wọn dé kóòtù nítorí ojú gọ́tà, àwọn olórí wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Àlàájì Mọ̀núrù ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá fi ilé yẹn kún ètò mọ́tò, òun á yọ tòun.

Khairiyyah sọdá. Ó bá Àlàájì Salahudeen lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Khairiyyah ni, ọmọ ilé iwájú."

"Mọ̀núrù ló rán ọ?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo rán ara mi. Mo wá tọrọ ojúde yín, ká gbé mọ́tò síbẹ̀ títí dọ̀la. Ìyá Àgbà ti kú."

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí tẹ̀sùbáà. "Mo gbọ́ igbe. Àtìgbà náà ni mo ti jókòó síbí, tí mò ń retí ẹni tó máa wá túfọ̀ fún mi. Ṣé wọn ò sọ fún yín pé Ìyá Àmúdàtù ló fún mi lọ́mú nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀? Èmi àti Mọ̀núrù la jọ mu ún. Ṣé ẹnu ọmọ kékeré ló yẹ kí n ti gbọ́?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú sí ọ. Kí Mọ̀núrù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, kó sọ fún mi. Bó bá ti sọ ọ́, kí mọ́tò máa wọlé."

Nígbà tó padà, àwọn onímọ́tò ti jókòó sídìí ọkọ̀ wọn, wọ́n ń retí. Ó jíṣẹ́. Àlàájì Mọ̀núrù fò sókè.

"Èmi? Kí n lọ bẹ Salahudeen?"

"Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, Bàbá. Ìtúfọ̀ ni."

"Ṣé kò gbọ́ igbe ni?"

"Wọ́n gbọ́. Wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

"Kó máa retí nígbà náà!"

Khairiyyah nawọ́ sí àwọn onímọ́tò. "Bàbá, ẹ ní kí n kó mọ́tò kúrò. Mo ti wá àwọn tó ni ín rí, wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti dé. Èyí tó kù ò sí lọ́wọ́ mi. Mi ò lè bá yín túfọ̀ ìyá yín. Bí ẹ ò bá lọ, àárín mọ́tò la máa tẹ́ Ìyá sí, ẹ má sì sọ pé Khairiyyah ló fà á o."

Ìyìnolúwa fọwọ́ bo ẹnu. Wọn kì í bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé yẹn. Àlàájì wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ fọ́ ọ létí. Nígbà tó ṣe, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Khairiyyah tẹ̀lé e lẹ́yìn lókèèrè. Títì náà ò fẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó pẹ́ kí bàbá tó sọdá rẹ̀.

"Salahudeen."

"Mọ̀núrù."

"Ìyá ti lọ."

"Ìyá ta ni?"

Àlàájì Mọ̀núrù ṣí fìlà lórí. "Ìyá wa," ó ní. "Ìyá wa ti lọ." Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún, àgbàlagbà tí kò tíì sunkún látàárọ̀. Salahudeen fi ọ̀pá dìde, ó dì í mú léjìká, ó sì fa irin géètì fúnra rẹ̀.

Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó pe ìrun, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní. Wọ́n tẹ́ Ìyá Àgbà síwájú nínú aṣọ funfun, àwọn ọmọ rẹ̀ tò lẹ́yìn lèmọ́ọ̀mù, Salahudeen àti Mọ̀núrù fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Ìyìnolúwa àti àwọn onímọ́tò mìíràn dúró lẹ́nu géètì, wọ́n tẹrí ba. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì Tàófíìkì kó àwọn àgbà tẹ̀lé òkú lọ sí itẹ́ òkú Àbàrí.

Lẹ́yìn àlàásárì, Khairiyyah jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ti sunkún, ojú rẹ̀ wú. Àwọn onímọ́tò ti ń béèrè lórí fóònù bóyá kí wọ́n wá lọ́la. Ó ń kọ èsì lọ́wọ́ nígbà tí Àlàájì Mọ̀núrù dúró sí i lórí.

"Kí lò ń kọ?"

"Mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mọ́, sà. Ẹ ti ní páàkì ti parí."

"Mo ní bí ojúde ò bá ṣófo. Ṣé kò ṣófo ni?"

"Ó ṣófo, sà."

"Títí a ó fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, àlejò ló ni ojúde tiwa. Sọ fún wọn kí wọ́n wọ òdìkejì. Lẹ́yìn fídáù, ìdajì lọ́hùn-ún, ìdajì níbí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé kan, ilé kejì á gba gbogbo ẹ̀."

"Àlàájì Salahudeen ti gbà?"

"Òun ló sọ ọ́, nígbà tí a ń bọ̀ láti itẹ́." Bàbá náà tún fìlà rẹ̀ ṣe, kò wo ojú rẹ̀. "Bọ́ọ̀sì rẹ ti kún. Àyè ẹnì kan ló kù lẹ́yìn, èmi àtiẹ̀ la jọ há síbẹ̀."

Khairiyyah pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.